Èdè-Ìperí fún Ìdárayá Alálàfo: Iṣẹ́, Ìsinmi àti Kíka Àkókò

1. Ìfáárà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dáwọ́ lé títúmọ̀ ìwé ìlànà ìdárayá sí èdè Yorùbá kò ní pẹ́ bá irú gbólóhùn yìí pàdé: iṣẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 20, ìsinmi, ìṣẹ́jú àáyá 10, ìgbà 8. Gbólóhùn náà kò gùn, kò sì jọ ohun tí ó le. Síbẹ̀, ó kéré tán, ibi mẹ́ta ni ògbufọ̀ ti lè ṣìnà nínú rẹ̀. Bí ó bá fo ọ̀rọ̀ náà "àáyá" dá, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ tí a pète fún ìṣẹ́jú 4 yóò di iṣẹ́ wákàtí 4. Bí ó bá kọ "ìsinmi" láìsọ irú ìsinmi tí ó jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó níbi tí ó yẹ kí ó máa rìn. Bí kò bá sì sọ bóyá ìsinmi tí ó kẹ́yìn wà nínú ìṣirò tàbí kò sí níbẹ̀, olùkọ́ méjì yóò ka ìwé kan náà, aago wọn kò sì ní bá ara mu.

Irú àṣìṣe báyìí kì í ṣe ti gírámà nìkan. Ara akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, kò tó kí a kàn wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ó yẹ kí ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé nìyẹn: àlàyé lórí ọ̀nà tí a ń gbà to ìdárayá alálàfo, yálà láti mú ara le tàbí láti kọ́ ìmọ̀ọ́ṣe, àti àwọn ọ̀rọ̀ ìperí tí ó bá àlàyé náà mu.

2. Kí ni ìdárayá alálàfo?

Ìdárayá alálàfo ni irú ìdárayá tí a ti gé iṣẹ́ líle sí wẹ́wẹ́, tí a sì fi ìsinmi tàbí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní òdiwọ̀n là á láàárín. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ènìyàn ń sinmi nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ alálàfo. Àgbẹ̀ tí ó ń kọ ebè a máa nàró, a nu òógùn ojú, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ tó ni ó ń sinmi tó. Nínú ìdárayá alálàfo, a ti pinnu ìsinmi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, òun náà sì jẹ́ apá kan ètò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìdí tí a fi ń gé iṣẹ́ ni pé iṣẹ́ líle tí a kò gé kì í pẹ́ tán. Ní 1960, Irma Åstrand, Per-Olof Åstrand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Sweden tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹrù kan tí ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò kò lè wà lórí kẹ̀kẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ bí kò bá dúró, ó lè ṣe é fún wákàtí kan gbáko nígbà tí wọ́n gé e sí ìṣẹ́jú àáyá 30 iṣẹ́ àti ìṣẹ́jú àáyá 30 ìsinmi. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé gígùn àlàfo àti gígùn iṣẹ́, kì í ṣe bí ẹrù ti wúwo tó nìkan, ni ó ń pinnu bí ara yóò ti gba iṣẹ́ náà sí.

3. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà àti ohun tí ó ń tọ́ka sí

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, interval, ti inú èdè Látìn wá. Intervallum ni àyè tí ó wà láàárín odi méjì. Àyè náà kì í ṣe odi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ìlú Freiburg ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí olùkọ́ eré sísá, Woldemar Gerschler, àti oníṣègùn ọkàn, Herbert Reindell, ti fi ìlànà yìí kọ́ àwọn sárésáré. Ohun tí wọ́n pè ní interval ni ìsinmi àárín eré méjì. Èrò wọn ni pé ìgbà tí sárésáré bá dúró, tí lílù ọkàn rẹ̀ ń rọlẹ̀, ni ọkàn ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí yóò mú un lágbára. Eré náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ó ń pèsè sílẹ̀ fún àlàfo ni.

Lẹ́nu àwọn eléré ìdárayá òde òní, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ṣe interval mẹ́fà, iṣẹ́ líle mẹ́fà ni wọ́n ní lọ́kàn. Odi ni wọ́n ń kà, orúkọ àyè ni wọ́n ń pè é. Ìyípadà ìtumọ̀ báyìí wọ́pọ̀ nínú gbogbo èdè, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ìwé ń sọ, nítorí pé ìwé àtijọ́ àti ìwé titun lè lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun méjì tí ó dojú kọ ara wọn.

Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lára àwọn tí Gerschler kọ́ ni Rudolf Harbig. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje, 1939, ní ìlú Milan, ó sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 46.6. Kò sí ẹni tí ó borí àkókò náà títí di 1955. Lẹ́yìn ogun, Emil Zátopek ti ilẹ̀ Czechoslovakia lo irú ìlànà yìí lọ́nà tirẹ̀: a máa sá mítà 400 ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́, a sì máa fi mítà 200 tí ó ń rọra sá là wọ́n láàárín. Ní Helsinki ní 1952, ó gba wúrà nínú mítà 5,000, mítà 10,000 àti eré marathon.

Ìtàn Roger Bannister fi ẹ̀kọ́ mìíràn kún un. Kí ó tó di ẹni àkọ́kọ́ tí ó sá máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú 4 ní Oxford ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, 1954, ó ń sá ìdá mẹ́rin máìlì ní ìgbà 10, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 2 láàárín. Àkókò rẹ̀ fún ìdá mẹ́rin kọ̀ọ̀kan dín kù títí ó fi kan ìṣẹ́jú àáyá 61, ó sì dúró síbẹ̀. Ó fi eré sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó lọ gun òkè ní Scotland. Nígbà tí ó padà dé, ó sá a ní 59. Ìsinmi àárín eré méjì nìkan kọ́ ni ó jẹ́ àlàfo. Ìsinmi àárín ọjọ́ iṣẹ́ kan àti òmíràn náà jẹ́ àlàfo, ètò tí kò sì kà á sí kò pé.

4. Àlàfo aláago àti àlàfo ọlọ́kàn

Kí ni ó ń sọ pé àlàfo ti tó? Ìdáhùn méjì ni ó wà, ọ̀rọ̀ ìperí sì gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní Freiburg, lílù ọkàn ni ó ń sọ ọ́. Eré máa ń gbé lílù ọkàn dé nǹkan bí ìgbà 180 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ó bá rọlẹ̀ dé 120, sárésáré tún bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀ dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, iṣẹ́ ti pọ̀ jù tàbí ó ti le jù, ó sì yẹ kí a dín in kù tàbí kí a dáwọ́ dúró. Èyí ni a lè pè ní àlàfo ọlọ́kàn. Aago wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí lásán ni. Ara ni onídàájọ́.

Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, aago ni ó ń sọ ọ́. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abala ìjà kan kì í parí àfi bí akànṣẹ́ kan bá ṣubú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ó fún wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 30 kí wọ́n tó tún kojú ara wọn. Abala kan lè gùn, òmíràn sì lè má ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Òfin tí a ń fi orúkọ Queensberry pè, tí ó jáde ní 1867, ni ó sọ pé kí abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 3, kí ìsinmi sì jẹ́ ìṣẹ́jú 1. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò ṣáájú àti lẹ́yìn òfin yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń parí abala ti yàtọ̀. Àwọn tí ó mọ ìjàkadì ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣòro fún láti lóye èyí: ẹ̀yìn tí ó kan ilẹ̀ ni ó ń parí ẹkẹ, kì í ṣe aago. Irú àlàfo tí agogo ń ṣí tí ó sì ń tì ni a lè pè ní àlàfo aláago.

Ànfààní àlàfo aláago ni pé ó rọrùn láti lò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ kan pẹ̀lú fèrè kan lè darí ogójì ọmọ. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ogójì náà kò ní ọkàn kan náà. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti le yóò ti sinmi tó kí fèrè tó dún; ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tíì sinmi tó. Olùkọ́ tí ó gbọ́n a máa fi aago darí, a sì máa fi ojú àti etí wo ọkàn.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ ìperí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá nìwọ̀nyí, pẹ̀lú ìdí tí a fi yàn wọ́n àti ewu tí ó wà nínú àwọn tí a kò yàn.

(a) Àlàfo: àyè ìsinmi láàárín iṣẹ́ méjì. A kò gbọdọ̀ lò ó fún iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá pe iṣẹ́ ní interval, "iṣẹ́" ni kí ògbufọ̀ kọ.

(b) Àṣetúnṣe: ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a ṣe iṣẹ́ náà. A ṣẹ̀dá rẹ̀ lórí àpẹẹrẹ "àwítúnwí". Àwọn kan a máa lo "àtúnṣe", ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ọmọ pé kí ó ṣe àtúnṣe mẹ́wàá, ó lè rò pé àṣìṣe mẹ́wàá ni ó wà nínú iṣẹ́ òun.

(d) Ọ̀wọ́: àkójọ àwọn àṣetúnṣe tí àlàfo gígùn yà kúrò lára àkójọ mìíràn. Àwọn àlàfo kéékèèké wà nínú ọ̀wọ́. Àlàfo ńlá wà láàárín ọ̀wọ́ méjì.

(e) Ìmárale: ìdárayá tí a fi ń mú ara gba iṣẹ́ sí i. Ì- + mú + ara + le ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Fáwẹ́lì "mú" ti pa jẹ. Ara líle ni ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ti ń lò fún ìlera tipẹ́, kò sì sí ìdí láti wá òmíràn.

(ẹ) Ìmárayá: iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ṣáájú iṣẹ́ líle. Ìtumọ̀ tààrà láti inú Gẹ̀ẹ́sì yóò mú "ìmúragbóná" jáde, kò sì dára. Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ara rẹ̀ gbóná ń ṣàìsàn ni. Ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá ni ó ṣe tán láti ṣe iṣẹ́.

(f) Ìmárarọ̀: iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó kẹ́yìn, tí a fi ń mú lílù ọkàn àti mímí padà sí bí wọ́n ti máa ń wà.

(g) Ìsinmi-adúró àti ìsinmi-alárìn: a dúró tàbí a jókòó nínú ti àkọ́kọ́; a ń rìn tàbí a ń rọra sáré nínú èkejì. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí iṣan ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti padà sí ọkàn. Ẹni tí ó bá dúró gbagidi lẹ́yìn eré líle lè rí i pé òòyì ń kọ́ òun.

(gb) Ìlekoko: bí iṣẹ́ ti le tó. A lè fi ìyára, lílù ọkàn, ìwúwo ẹrù, tàbí bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó lè sọ gbólóhùn gígùn kò tíì ṣe iṣẹ́ líle. Ẹni tí kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ ti dé ibẹ̀.

(h) Ìpín iṣẹ́ sí àlàfo: ìṣẹ́jú àáyá 30 iṣẹ́ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 60 àlàfo jẹ́ ìpín 1 sí 2. Iṣẹ́ ni a gbọ́dọ̀ kọ ṣáájú nígbà gbogbo.

6. Ìdí tí ìpín fi ń yàtọ̀

Olùkọ́ lè béèrè pé èwo nínú àwọn ìpín ni ó dára jù. Ìdáhùn náà wà nínú ọ̀nà mẹ́ta tí iṣan ń gbà rí agbára.

Ọ̀nà kìíní ni agbára tí a ti kó pamọ́ sínú iṣan gan-an, ìyẹn ATP àti kiréátìn fọ́sífètì. Ó yá ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí a fi gbogbo agbára ṣe, kì í tó ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Nígbà tí a bá sinmi, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ yóò padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ó sì gbà tó ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí ó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán. Ọ̀nà kejì ni fífọ́ ṣúgà inú iṣan láìdúró de ọ́síjìn. Òun ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ẹrù nínú iṣẹ́ líle tí kò ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ. Ọ̀nà kẹta ni sísun ṣúgà àti ọ̀rá pẹ̀lú ọ́síjìn. Ó lọ́ra láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ fún wákàtí púpọ̀.

Láti inú èyí ni ìpín ti wá. Bí a bá fẹ́ kọ́ ìyára, iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, àlàfo sì gbọ́dọ̀ gùn, ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí agbára ọ̀nà kìíní lè padà. Ẹni tí ó bá gé àlàfo yìí kúrú nítorí pé ó rò pé ìsinmi jẹ́ ìwà ọ̀lẹ kò kọ́ ìyára mọ́. Ó ń kọ́ bí ènìyàn ti ń sáré pẹ̀lú àárẹ̀. Fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, ìpín 1 sí 2 tàbí 1 sí 3 ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò. Fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú 3 sí 4, tí ọ̀nà kẹta ń gbé púpọ̀ jù nínú rẹ̀, ìpín 1 sí 1 tó, ìsinmi-alárìn sì ni ó dára jù níbẹ̀.

Ìwádìí kan wà tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé, tí a sì ti ń ṣì lò. Izumi Tabata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáánì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1996. Ìlànà náà kì í ṣe àbá Tabata fúnra rẹ̀. Irisawa Koichi, tí ó ń kọ́ àwọn tí ń fi bàtà onírin sáré lórí yìnyín, ni ó ti ń lò ó. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà lórí kẹ̀kẹ́ adúrólójúkan. Ẹgbẹ́ kan ń ṣe iṣẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀karùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ń ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 20, àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 10, ní ìgbà 7 tàbí 8. Agbára láti lo ọ́síjìn pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n agbára iṣẹ́ tí kò dúró de ọ́síjìn pọ̀ sí i pẹ̀lú ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ẹgbẹ́ kejì, kò sì yí padà nínú ẹgbẹ́ kìíní.

Ohun tí àwọn ènìyàn gbàgbé ni ìlekoko. Ẹrù tí ẹgbẹ́ kejì gbé jẹ́ ìdá 170 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí ara fi ń lo ọ́síjìn dé òpin agbára rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ wọn kò bá lè yí kẹ̀kẹ́ yára tó mọ́, iṣẹ́ parí. Lónìí, orúkọ Tabata ti di orúkọ fún 20 àti 10 nìkan, ohun yòówù kí a máa ṣe nínú wọn. Aago ni ó kù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìlekoko ti jábọ́. Nítorí náà, kò yẹ kí ìwé Yorùbá kankan kọ ìlànà alálàfo láìsọ ohun márùn-ún: bí iṣẹ́ ti gùn tó, bí ó ti le tó, bí àlàfo ti gùn tó, irú ìsinmi tí ó wà nínú rẹ̀, àti iye ìgbà. Bí ọ̀kan bá sọnù, kì í ṣe ìlànà kan náà mọ́.

7. Àlàfo nínú kíkọ́ ìmọ̀ọ́ṣe

Ìmárale ń fẹ́ kí ó rẹ ara dé ìwọ̀n kan. Ìmọ̀ọ́ṣe kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Akànṣẹ́ tí apá rẹ̀ ti wúwo yóò máa ju ẹ̀ṣẹ́ lọ́nà tí kò tọ́, ohun tí ó bá sì ń ṣe lemọ́lemọ́ ni ara rẹ̀ yóò kọ́. Ìdí nìyí tí ìkọ́ra fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìmárale nínú iṣẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ìmọ̀ọ́ṣe bá ti fìdí múlẹ̀, olùkọ́ lè mọ̀ọ́mọ̀ dán an wò lẹ́yìn tí ó bá ti rẹ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé abala tí ó kẹ́yìn nínú ìjà kì í bá ènìyàn láìrẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Àlàfo ṣe pàtàkì nínú ìkọ́ra pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn ni ó wà fún un. Ní 1978, Alan Baddeley àti D. J. A. Longman tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ bí a ti ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ ọ fún wákàtí 1 lóòjọ́ mọ̀ ọ́n ní wákàtí 55 tó bí àwọn tí wọ́n ń kọ́ ọ fún wákàtí 4 lóòjọ́ ti mọ̀ ọ́n ní wákàtí 80. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ oníwákàtí kan yìí gan-an ni ètò wọn kò tẹ́ lọ́rùn jù, nítorí pé ọjọ́ wọn pọ̀, ó sì jọ lójú wọn pé àwọn ń falẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1979, John Shea àti Robyn Morgan fi hàn pé bí a bá to iṣẹ́ oríṣi mẹ́ta lọ́nà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi parí oríṣi kan kí ó tó kan èkejì, yóò ṣe dáradára nígbà ẹ̀kọ́. Bí a bá pò wọ́n mọ́ ara wọn, yóò máa kọsẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n yóò rántí jù nígbà tí a bá padà dán an wò. Ìwádìí méjèèjì kìlọ̀ fún olùkọ́ nípa ohun kan náà: ohun tí ó dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lónìí lè má jẹ́ ohun tí yóò bá a dé ọ̀la.

8. Àpẹẹrẹ ètò kan àti ọ̀ràn kíka àlàfo

Ẹ jẹ́ kí a wo ètò ọjọ́ kan fún ọ̀dọ́ akànṣẹ́ tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ fún oṣù mélòó kan.

Ìmárayá, ìṣẹ́jú 10. Ìkọ́ra, abala 4, ìṣẹ́jú 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlàfo ìṣẹ́jú 1, ìsinmi-alárìn. Ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì, yíyẹra àti gbígbé ẹsẹ̀ ni kí a pò mọ́ ara wọn nínú abala kọ̀ọ̀kan. Àlàfo ńlá, ìṣẹ́jú 3. Ìmárale, ọ̀wọ́ 2, àṣetúnṣe 6 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 lára àpò ẹ̀ṣẹ́, àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìlekoko, kí ọ̀rọ̀ má lè ju méjì lọ lẹ́nu ní ìparí iṣẹ́. Àlàfo ọ̀wọ́, ìṣẹ́jú 3. Ìmárarọ̀, ìṣẹ́jú 8.

Mélòó ni gbogbo rẹ̀? Ibí yìí ni kíka Yorùbá àti kíka ti òkèèrè ti yapa. Yorùbá a máa ka ìpẹ̀kun méjèèjì. Ọjà ọrọọrún, ọjọ́ 4 ni ó wà láti ọjọ́ ọjà kan sí èkejì nínú kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n a ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn, ó sì di 5. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ pé ṣe ń jẹ́ ọjọ́ kẹjọ. Òpó ni a ń kà. Àwọn mìíràn ń ka àyè tí ó wà láàárín òpó. Nínú ìdárayá alálàfo, a gbọ́dọ̀ ka méjèèjì, kí a má sì fi ọ̀kan pe èkejì: iṣẹ́ 4 ní àlàfo 3, iṣẹ́ 6 ní àlàfo 5. Ìsinmi tí ó tẹ̀lé iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn kì í ṣe ti ọ̀wọ́ náà mọ́. Inú àlàfo ńlá tàbí inú ìmárarọ̀ ni ó wà.

Nítorí náà, ìkọ́ra jẹ́ ìṣẹ́jú 12 iṣẹ́ àti ìṣẹ́jú 3 àlàfo, ó di 15. Ọ̀wọ́ ìmárale kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 180 iṣẹ́ àti 150 àlàfo, ó di ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 30. Ọ̀wọ́ méjèèjì pẹ̀lú àlàfo wọn di ìṣẹ́jú 14. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10, 15, 3, 14 àti 8, tí í ṣe ìṣẹ́jú 50. Bákan náà, bí ìwé bá ní kí a ṣe èyí ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ògbufọ̀ dárúkọ ọjọ́: Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Orúkọ ọjọ́ kò ní ìṣirò méjì.

Nígbà tí ara bá ti gba ètò náà, ohun kan ṣoṣo ni kí olùkọ́ yí padà lẹ́ẹ̀kan: yálà kí ó fi àṣetúnṣe kún un, tàbí kí ó fi ìlekoko kún un, tàbí kí ó dín àlàfo kù. Ẹni tí ó bá yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tí ó ṣe ara láǹfààní tàbí èyí tí ó pa á lára. Ọmọ tí àyà ń dùn, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí mímí rẹ̀ kò rọlẹ̀ lẹ́yìn àlàfo ńlá gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, kí a sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ohun yòówù tí aago ìbáà máa sọ.

9. Ìkádìí

Àlàyé tí a ti ṣe fi hàn pé èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àlàfo, ọ̀wọ́, abala, ara líle àti ara yíyá ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tipẹ́. Ohun tí ó kù ni pé kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀, kí a sì má ṣe jẹ́ kí ó rékọjá rẹ̀. Pápá ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ ni yóò sọ èyí tí yóò dúró nínú wọn. Bí olùkọ́ bá ka ètò inú ìpín 8 sókè lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn ọmọ sì ṣe é láìbéèrè ìbéèrè, ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dára. Bí wọ́n bá béèrè pé "Ṣé a ó jókòó ni, àbí a ó máa rìn?", ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a kò tíì ṣẹ̀dá dáradára, ó sì yẹ kí a padà sí i.